Bàtà Tí A Kà Létí Odò

Wọ́dà ni mí nígbà náà, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá tó wà láàárín Woolwich àti Thamesmead. Kíka ènìyàn ni ìdajì iṣẹ́ náà. A ó kà wọ́n láàárọ̀, a ó kà wọ́n kí wọ́n tó jẹun, bí wọ́n bá jẹun tán a ó tún kà wọ́n. Bí iye náà bá fi ẹyọ ènìyàn kan péré yẹ̀, gbogbo nǹkan á dúró. Ilẹ̀kùn kò ní ṣí, ẹni tó yẹ kó lọ sílé kò ní lọ. Mo ti rí ọ̀gá wa kan tó ń làágùn nínú òtútù nítorí ẹnì kan tí a kò rí kà, tó sì jẹ́ pé ẹni náà ń sùn ní tirẹ̀ lábẹ́ ìbora. Ẹ̀rù iye tí kò pé ti wọ̀ mí lára títí dòní.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀, tí mo wọ sùtánà lọ sí ìjọ, n kì í ka ẹnikẹ́ni. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo na ìka sí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n sùn lórí ẹní, mo ń kà wọ́n, ení, èjì, ẹ̀ta. Màmá mi gbá mi lọ́wọ́ kí n tó dé ẹ̀rin. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí ohun tí kò mọ iye wọn tẹ́lẹ̀ wá mọ̀ ọ́n ni. Mi ò bi í pé kí ni nǹkan ọ̀hún. Ó yé mi.

Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa, nínú ilé kan tí wọ́n ń kó táyà sí tẹ́lẹ̀, tí òórùn rọ́bà kò tíì tán lára ògiri rẹ̀. Ẹ ó rìn díẹ̀ láti ibẹ̀ kí ẹ tó dé etí odò Thames. Níbẹ̀ ni àtẹ̀gùn òkúta àtijọ́ kan wà tó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún wa ẹni tó kọ́ ọ. Àwa bá a níbẹ̀, a gbàdúrà sí i, ó sì di tiwa. Orí rẹ̀ la ti ń ṣe ìrìbọmi, orí rẹ̀ la ti ń dúró láìwọ bàtà tí a bá ní ẹrù tó wúwo láti gbé síwájú Ọlọ́run. Omi ibẹ̀ kì í dúró sójú kan. Á fà títí ẹrẹ̀ á fi hàn, á sì tún máa kún bọ̀, tí yóò gun àtẹ̀gùn náà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sókè. Bàbá ìjọ wa mọ àsìkò tó ń fà àti àsìkò tó ń kún, ó wà nínú fóònù rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ri ọmọ mi obìnrin bọmi. Òtútù mú un, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bínú sí mi títí a fi délé. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí òun nìkan ni mo bí, ó sì pẹ́ kó tó dé.

Bí a ṣe wà nìyẹn kí wọ́n tó ní àwọn fẹ́ pín omi.

Ní ilé wa, ilẹ̀ ni mo mọ̀ pé wọ́n ń pín, tí wọ́n á tìtorí rẹ̀ lọ sí kóòtù títí olùpẹ̀jọ́ á fi kú. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè jókòó sídìí tábìlì kó pín òkun. Àṣé ìlú tí omi yí ká kò rí bẹ́ẹ̀. Omi wọn ti kún fún iṣẹ́ bíi ti ojú títì. Ìjọba wá ń ṣe ètò kan tí yóò sọ ohun tí wọ́n lè ṣe níbi kọ̀ọ̀kan, láti inú òkun títí wọ inú odò dé ibi tí omi òkun ń gùn dé. Ibí ni ọkọ̀ á máa gbà. Ibí ni wọn ó ri wáyà mọ́. Ibí ni wọn ó ti máa wa yanrìn, ibí ni ẹja ti ń yé ẹyin, ọ̀hún kẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dé ibẹ̀ nítorí àwọn ẹyẹ. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá ń lo omi wá sọ tẹnu rẹ̀.

Bàbá ìjọ mú èmi àti Auntie kan lọ́wọ́, a lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé náà, nítòsí adágún Birchmere. Kí n sọ ti Auntie yìí kí n tó lọ síwájú. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú nílé wọn, á ti ilé ẹnì kan bọ́ sí ilé ẹlòmíràn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ìjọ. Òun ló ń lé orin. Ohùn rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ náà mú. Tí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ọmọ mélòó ló ní, ìdáhùn kan ló ní: "Ọlọ́run ló mọ iye wọn." Èmi rò pé àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nílé bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa, mo sì gba tirẹ̀, pé ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa nìyí.

Wọ́n tẹ́ máàpù odò sórí tábìlì gígùn kan. Oríṣiríṣi àwọ̀ ló wà lára rẹ̀. Mo wá àtẹ̀gùn wa títí mo fi rí i, ibẹ̀ sì funfun báláú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fi ìlà pupa yí ibì kan ká, ìlà náà sì gba orí àtẹ̀gùn wa kọjá. Ọmọbìnrin òyìnbó kan ló dúró ti tábìlì náà, ó ṣe jẹ́jẹ́, ó ní sùúrù. Ó ṣàlàyé pé àwọn kan fẹ́ máa já yanrìn sílẹ̀ níbẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á sì fi irin ṣọgbà yí i ká kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé.

Mo bi í pé kí ló dé tí tiwa fi funfun.

Ó ní funfun túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó ń lo ibẹ̀.

Bàbá ìjọ, ẹni pẹ̀lẹ́, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ fún un pé àwa là ń lò ó, pé ó ti pẹ́. Inú ọmọbìnrin náà dùn. Ó mú bírò. Ó ní ènìyàn mélòó?

"We are many, my daughter," ni Bàbá wí. "God is increasing us."

Bírò náà ò tíì kan ìwé. Ó ní bíi mélòó? Ó ní àwọn ọmọdé ńkọ́, ọmọdé mélòó ló máa ń dé etí omi?

Bàbá wo ilẹ̀. Auntie ló fún un lésì, ojú rẹ̀ le koko: "We don't count children."

Ọmọbìnrin náà wò mí bí ẹni tó fẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ túmọ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a kì í kà wọ́n. Ó kọ nǹkan díẹ̀ sílẹ̀, ó dúpẹ́, a sì jáde síta, a ń yin ara wa pé a ti sọ tẹnu wa.

Nígbà tí wọ́n tún máàpù náà gbé jáde, ibi tiwa ṣì funfun. Àwọn oníyanrìn ti ka gbogbo tiwọn pátá fún wọn, ọkọ̀, òṣìṣẹ́, títí kan iye ẹrù tí wọn ó máa já. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọmọbìnrin náà fi fóònù pe Bàbá fúnra rẹ̀. Ó ní ìpàdé tó kù kò ju ẹyọ kan lọ kí wọ́n tó ti ìwé náà pa. Ó ní tí a bá lè ka àwọn ènìyàn wa lójú òun ní ọjọ́ Sátidé, òun á fi iye náà síwájú wọn. Láìsí iye, òun ò ní ohun tí òun máa gbé jà.

Bàbá pe ìpàdé lẹ́yìn ìsìn. Ẹ ò rí ariwo! Àwọn kan ní ká kà, pé ayé ti yí padà. Àwọn kan ní ká wá odò mìíràn lọ, bí ẹni pé odò ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá wá kọjú sí mi.

"Ìwọ tí ìjọba ń sanwó fún pé kó o máa ka èèyàn," ló wí. "Ṣé wàá bá wa kà?"

Inú bí mi. Mo ní, "Daddy, ẹ forí jì mí, àwọn prisoners ni mò ń kà. Wọ́n kì í ṣe ọmọ ìjọ."

"Àwọn náà ní ìyá," ni Bàbá fèsì.

Auntie dìde. "Ẹni tó bá ka ọmọ nínú ìjọ yìí, mi ò sí ńbẹ̀ o. Kí wọ́n máa gbé steps wọn lọ. Ẹ ò ní ka ọmọ lójú mi." Mo rò pé ìbínú ni.

Ọmọ mi rọra sọ ọ́ sí mi létí, ó ní, "Mummy, it's literally just counting, you do it every day." Mo wò ó. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni mò ń bẹ̀rù fún. Tí mo bá ka àwọn ọmọ náà, òun náà á wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé òyìnbó á fi mí rẹ́rìn-ín, mo tilẹ̀ fi ara mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, síbẹ̀ àyà mi ò balẹ̀.

Bí mo ṣe ń bínú jáde ni mo kọsẹ̀ lára bàtà. Nítorí a kì í wọ bàtà wọlé ìsìn, ẹnu ọ̀nà ìjọ wa máa ń kún fún bàtà, tàgbà tọmọdé, gbogbo rẹ̀ á wọ́ jọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò tó ń dùn mí, mo sì pariwo wọlé pé, "Daddy! Bàtà ńkọ́?"

Gbogbo wọn yíjú. Mo ní kí a tò ó sétí odò kí a tó sọ̀ kalẹ̀. Mo ní n kò ní wo ẹnikẹ́ni lójú, n kò ní na ìka sí ẹnikẹ́ni, bàtà ni n ó kà.

Bàbá ronú sí i díẹ̀, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Bàtà kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni," ló wí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rọ̀ nìyẹn. Auntie nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wá sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró, ó ń wo àwọn bàtà náà. Ó pẹ́ kó tó wọ tirẹ̀ lọ sílé.

Ní ọ̀sán Sátidé, a pé sétí odò. Atẹ́gùn ń fẹ́ sùtánà mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Omi ti fà, ṣùgbọ́n Bàbá ti kìlọ̀ fún wa pé kò ní pẹ́ kó tó máa kún bọ̀, pé kí a má fi àdúrà náà gùn. Ọmọbìnrin òyìnbó náà dé, ó rí wa láìwọ bàtà, ó bọ́ tirẹ̀ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó gbé e sí ọ̀tọ̀ kí n má baà kà á mọ́ tiwa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà náà lọ.

Wọ́n to bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kúkúrú tó wà lókè àtẹ̀gùn, méjì méjì. Nígbà tí gbogbo wọn ti sọ̀ kalẹ̀, tí Auntie ti gbé orin, mo kà á. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kà á, bóyá ohun tí ń gbọ́ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo lọ, mo bọ̀, mo tún un kà, ó bára mu. Mo sọ iye náà fún ọmọbìnrin náà, ó kọ ọ́. N kò ní sọ ọ́ fún ẹ̀yin, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀.

Ara tù mí. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. A kọrin, a gbàdúrà, omi ń gun òkúta bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ ta omi síra wọn, àwọn ìyá wọn ń fà wọ́n sẹ́yìn. Nígbà tí omi kan òkúta àtẹ̀gùn tí Bàbá dúró lé, ó ṣe oore-ọ̀fẹ́, kálukú sì gòkè lọ wọ bàtà rẹ̀.

Bàtà kan ṣẹ́kù.

Bàtà ọmọdé ni, búlúù, èyí tí kò lókùn, tí a máa ń lẹ̀ pa ni. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí mo ti kà á. Mo dúró tì í, mò ń retí kí ọmọ kan sáré wá wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó wá. Mo wẹ̀yìn wo odò. Omi ti bo ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí màmá mi sọ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, pé mo ti kà wọ́n, nǹkan náà sì ti gbọ́. Mo fi ohùn iṣẹ́ mi ké pé kí ẹnikẹ́ni má kúrò níbi tó wà. "Bàtà ta nìyí? Ọmọ ta ló wà nínú omi?"

Ẹ wo bí ìyá ṣe ń dì mọ́ ọmọ! Orúkọ ń lọ, orúkọ ń bọ̀. Ọwọ́ ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ gbá mú, mo dì í mú títí ó fi ní mò ń dun òun. Bàbá ká sùtánà rẹ̀ sókè, ó tún sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, arúgbó ọkùnrin, ó ń fi ọ̀pá tọ ìsàlẹ̀. Ọmọbìnrin òyìnbó náà ti yọ fóònù láti pe àwọn ọlọ́pàá odò. Ìyá kọ̀ọ̀kan ń dáhùn pé tòun pé. Gbogbo ọmọ ló pé. Bàtà náà sì wà níbẹ̀.

Auntie nìkan ni kò mira. Ó jókòó sórí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Mo jágbe mọ́ ọn, èmi tí mo kéré sí i: "Auntie, ẹ dìde now! Ọmọ ti bọ́ sómi, ẹ jókòó!"

Ó dìde. Ó rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé bàtà náà, ó gbá a mọ́ àyà.

"Tèmi ni," ló wí. "Ẹ sọ fún Daddy kó jáde nínú omi, òtútù á mú un. Ti ọmọ mi ni."

Bàbá dúró nínú omi, ó sì bo ojú rẹ̀. Òun mọ ọmọ náà. Òun ló rì í bọmi.

"Ibí yìí ni wọ́n ti ṣe baptism ẹ̀," ni Auntie sọ fún mi. "Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó jáde. Ó wá ṣàìsàn, hospital ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. Kí ìwọ tó dé ìjọ yìí ni. Àwọn èèyàn á bi mí pé ọmọ mélòó. Tí mo bá ní ọ̀kan, wọ́n á ní níbo ló wà. Tí mo bá ní kò sí, mo ti purọ́ mọ́ ọmọ mi. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má kà nìyẹn. Tí a ò bá ka ẹnì kankan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé tèmi ò sí ńbẹ̀. Ẹ wá ní ẹ máa kà. Mo ní kí n gbé e wá, kí ẹ má baà fò ó."

Omijé bọ́ lójú mi lójú gbogbo ìjọ, èmi tí n kì í sunkún. Mo kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀, mo ní kó má bínú. Ó fà mí dìde, ó ní òkúta náà tutù.

Ọmọbìnrin òyìnbó náà ń wò wá. Mo ṣàlàyé fún un. Ó tẹ́tí títí mo fi sọ ọ́ tán, ó wá wo ìwé rẹ̀, ó sì rọra béèrè bóyá kí òun yọ ẹyọ kan kúrò.

Lẹ́nu iṣẹ́ mi, ẹni tó bá ka ẹni tí kò sí níbẹ̀, wọ́n á lé e. Mo mọ̀ pé iye kò gbọdọ̀ yẹ̀. Mo ní kó ka ìbéèrè tó wà nínú ìwé náà sí mi létí bó ṣe wà. Ó kà á, ó ní wọ́n ń béèrè iye ènìyàn tó ń lo ibẹ̀.

"Ó lò ó," ni mo sọ fún un. "Fi sílẹ̀ bó ṣe wà."

Ó wo Auntie, ó wo bàtà náà, ó pa ìwé rẹ̀ dé.

Nígbà tí máàpù ìkẹyìn jáde, àmì kékeré kan wà lórí àtẹ̀gùn wa, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ènìyàn ń jọ́sìn níbẹ̀. Wọ́n ti ìlà pupa náà sún sí apá kejì. Àwọn ọkọ̀ yanrìn ń wá síbẹ̀ báyìí, eruku wọn máa ń bà lé sùtánà wa, àwa náà ń ṣépè fún wọn ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí a tó gbàdúrà. Iye tí mo kà wà nínú ìwé ìjọba, mo sì gbà pé ó pé.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà ní ọ̀sán Sátidé yẹn ni mo máa ń rántí jù. Èmi àti Auntie jókòó pọ̀, à ń lọ sí ibi tí ṣọ́ọ̀bù pọ̀ sí ní Thamesmead. Bàtà náà wà lórí itan rẹ̀, kò fi nǹkan kan bò ó. Màmá àgbà kan tó jókòó níwájú wa rí sùtánà wa, ó kí wa ní Yorùbá. Ó rí bàtà, ojú rẹ̀ túká.

"Ó mà rẹwà o," ló wí. "Ọmọ mélòó lẹ ní?"

Mo di ọwọ́ irin àga mú. Mo ti fẹ́ yí ọ̀rọ̀ náà padà kí ó tó délẹ̀, mo ti ń wá ohun tí n ó sọ nípa òjò. Auntie fi ọwọ́ kàn mí lápá pé kí n dákẹ́.

"Ọ̀kan," ló wí. "Ọkùnrin."